Àkeekèé Ojú Ọ̀run: Ibi Tó Wà, Àwọn Ìràwọ̀ Rẹ̀, àti Ìtàn Tí Aráyé Ń Sọ Nípa Rẹ̀

Nínú gbogbo ẹranko tí àwọn ará àtijọ́ fi ìràwọ̀ yà sójú ọ̀run, díẹ̀ ló jọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń wá Àgbò, ìràwọ̀ mẹ́ta péré ni yóò rí. Ti Àkeekèé yàtọ̀. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀, àyà pupa wà níbẹ̀, ìrù gígùn wà tó ká sókè, ìràwọ̀ méjì sì fara kọ́ra ní ṣóńṣó ìrù náà níbi tí oró máa ń wà. Ọmọdé tó bá ti rí àkeekèé lábẹ́ òkúta rí kò nílò alálàyé. Scorpius ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ káàkiri ayé ń pè é.

Ohun tó ń dùn mọ́ wa jù nípa rẹ̀ ni pé ilẹ̀ wa dára fún wíwo Àkeekèé ju ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìràwọ̀ pupa àyà rẹ̀, Antares, kì í ga ju dígírì 12 lọ láti ẹsẹ̀ ọ̀run, ìràwọ̀ oró ìrù rẹ̀ kò sì ga ju bíi dígírì 1 lọ, ìyẹn ni pé òrùlé ilé aládùúgbò lásán ti bò ó. Ní New York, Antares ń dé dígírì 23. Ní Havana, 40. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ó ń dé dígírì 56 sí 57, oró rẹ̀ náà ń ga tó dígírì 46, gbogbo ara rẹ̀ ló sì ń hàn láti orí dé ìrù. Ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilẹ̀ Brazil, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí: dígírì 77. Nítorí náà, bí ìwé kan tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ fún ọ pé Àkeekèé ṣòro láti rí, àdúgbò tiwọn ni wọ́n ń sọ.

Tí o bá na ọwọ́ rẹ gbọọrọ síwájú, tí o sì di ẹ̀ṣẹ́, fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ náà tó nǹkan bí dígírì 10 lójú ọ̀run. Ìka ọmọńdinrín jẹ́ dígírì 1. Ọwọ́ ọmọdé kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ náà kúrú, ìwọ̀n náà kì í yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ yìí ni a ó máa fi wọn nǹkan ní gbogbo ìsàlẹ̀ yìí.

Ìgbà tó ń yọ

Ní ìparí oṣù Kọkànlá títí dé àárín oṣù Kejìlá, ẹ̀gbẹ́ Oòrùn ni Àkeekèé wà. Ọ̀sán ló ń yọ, kò sí ẹni tó lè rí i. Tí oṣù Kìíní bá wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní agbègbè Èkó, Antares ń yọ ní bí agogo 4 ìdájí ní àárín oṣù Kìíní, agogo 2 òru ní àárín oṣù Kejì, agogo 12 òru ní àárín oṣù Kẹta, agogo 10 alẹ́ ní àárín oṣù Kẹrin. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: lójoojúmọ́, ó ń fi ìṣẹ́jú 4 yá ju ti àná lọ, èyí tó jẹ́ wákàtí 2 láàárín oṣù kan. Nígbà tí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ, bí Oòrùn bá ṣe ń wọ̀ ni òun ń yọ, òru mọ́jú ló sì fi ń wà lójú ọ̀run. Ní àárín oṣù Keje ó ti wà ní gúúsù gan-an ní bí agogo 10 alẹ́, ní àárín oṣù Kẹjọ ní bí agogo 8. Tó bá di àárín oṣù Kẹwàá, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni ẹ ó ti bá a, agogo 9 ààbọ̀ ló sì ń wọ̀.

Òjò ni ìṣòro wa. Oṣù tí Àkeekèé ń fi gbogbo òru hàn gan-an ni oṣù tí àwọsánmà kì í jẹ́ kí a rí ọ̀run. Oṣù Kejì àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta gbẹ, ṣùgbọ́n eruku ọ̀yẹ́ máa ń mú kí ìràwọ̀ tó bá wà nílẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ lè rí Antares kí ẹ má rí ìrù rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ, kò sì yẹ kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí òjò lè dáwọ́ dúró kí àwọsánmà má kúrò, pàápàá létí òkun. Àkókò tí a máa ń yàn ni láti àárín oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Karùn-ún, ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí òjò ńlá bá rọ̀. Òjò yẹn ti fọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, ọ̀run á dúdú, ìràwọ̀ á mọ́ rekete. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá kún. Òṣùpá àrànmọ́jú ti ìparí oṣù Karùn-ún àti ti oṣù Kẹfà, ẹ̀gbẹ́ Àkeekèé gan-an ló máa ń jókòó sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì gbé gbogbo ìràwọ̀ kéékèèké mì.

Bí a ṣe ń wá a

Ẹ wá ibi tí ògiri tàbí igi kò dí ìlà-oòrùn àti gúúsù. Ẹ pa iná ẹ̀yìnkùlé, ẹ sún kúrò lójú iná ògiri ilé tó ń tàn láti alẹ́ dé òwúrọ̀, kí ẹ sì fún ojú yín ní ogún ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára. Ẹni tó bá yọ fóònù wò láàárín àkókò yìí ti ba ogún ìṣẹ́jú náà jẹ́. Yóò tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Antares kì í yọ láti ìlà-oòrùn gan-an. Láti ibi tí ìlà-oòrùn wà, ẹ wọn ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta dín díẹ̀ sí apá ọ̀tún, ìyẹn apá gúúsù. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ẹyin iná, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jìnnà sí i ní ìka méjì. Mẹ́ta tó tò yìí, tí pupa wà láàárín, ni àmì tó dájú jù lọ. Níwájú wọn, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta mìíràn tó dábùú lórí ìlà kan, tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹ̀ṣẹ́ kan: Acrab, Dschubba àti Fang. Iwájú orí Àkeekèé nìyẹn. Lẹ́yìn Antares, ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, ó ṣẹ́rí sí ìlà-oòrùn, ó tún ká padà sókè, títí dé ìràwọ̀ méjì tó fara kọ́ra, Shaula àti Lesath. Láti Acrab dé Shaula tó ẹ̀ṣẹ́ méjì ààbọ̀.

Orí ló ń kọ́kọ́ yọ, orí náà ló sì ń kọ́kọ́ wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹwàá, ẹ ó rí i tó dorí kodò lọ sínú ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, tí ìrù rẹ̀ ṣì nà sókè.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn máa ń wá nǹkan kékeré. Àkeekèé tóbi, tí ohun tí ẹ rí bá lè wọ inú ẹ̀ṣẹ́ kan, orí nìkan ni ẹ ṣì rí. Èkejì, wọ́n máa ń mú àwọn ìràwọ̀ Sagittarius tó wà lẹ́yìn ìrù mọ́ ara Àkeekèé, ìrù náà á wá gùn kọjá ààlà. Shaula àti Lesath ni òpin. Àyè tó wà láàárín wọn kò tó ìka kan, kò sì sí méjì mìíràn tó mọ́lẹ̀ tó wọn tó sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yẹn. Ẹ̀kẹta ni Mars, tí kì í ṣe ìràwọ̀ bí kò ṣe plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí Oòrùn po bí Ayé wa. Òun náà pupa, ọ̀nà tó ń gbà sì ń gba òkè Antares kọjá, bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì. Ìdí gan-an tí àwọn ará Gíríìsì fi sọ ìràwọ̀ yìí ní Antares nìyẹn, nítorí ó ń bá Ares, ìyẹn Mars, díje. Láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń ṣẹ́jú: ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, Mars kì í sábà ṣẹ́jú. Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ya ibi tó wà sórí ìwé, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mars á ti kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Antares kò ní kúrò.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni Libra ní ìwọ̀-oòrùn, Sagittarius ní ìlà-oòrùn, Ophiuchus ní àríwá, Lupus, Norma àti Ara ní gúúsù. Ìlà funfun bí èéfín tó la ọ̀run já, tí wọ́n ń pè ní Milky Way, gba orí ìrù rẹ̀ kọjá, àárín gbùngbùn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ ńlá tí Oòrùn wa wà nínú rẹ̀ sì wà ní apá ibẹ̀, díẹ̀ kọjá ìrù, lẹ́bàá ààlà Sagittarius. Ìdí nìyí tí agbègbè ìrù fi kún fún ìràwọ̀ ju ti orí lọ.

Antares àti àwọn yòókù

Antares wà lára ìràwọ̀ ogún tó mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run. Ó jìnnà sí wa ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 550 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé láàárín ọdún kan), ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí lónìí sì kúrò lára rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà tí ọkọ̀ òkun àwọn Pọtogí kọ́kọ́ dé Èkó. Pípupa rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó gbóná ju àwọn yòókù lọ; òdìkejì ni. Ìgbóná ojú rẹ̀ jẹ́ bíi 3,600 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, ti Oòrùn wa sì jẹ́ nǹkan bí 5,800. Irin tó bá ń gbóná náà, pípupa ló kọ́kọ́ máa ń pupa kó tó funfun. Ohun tó mú Antares tàn tó bẹ́ẹ̀ ni títóbi rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ju ti Oòrùn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 600. Tí a bá gbé e sí àyè Oòrùn, yóò gbé Mercury, Venus, Ayé wa àti Mars mì pátápátá. Ìràwọ̀ tó ti dàgbà ni, epo inú rẹ̀ ń tán lọ, bíbú gbàmù ni yóò sì fi parí ayé rẹ̀.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń lo àwọn tẹlisíkóòpù ńlá ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní aṣálẹ̀ Chile so ìmọ́lẹ̀ tẹlisíkóòpù mélòó kan pọ̀, wọ́n sì rí ojú Antares yà. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n rí ojú ìràwọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí Oòrùn kedere bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni gáàsì tó ń hó, tó ń gòkè tó ń sọ̀, lọ jìnnà sókè ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ìmọ́lẹ̀ Antares kì í dúró sójú kan. Ó ń dín, ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún. Ẹni tó bá ń fi í wé àwọn ìràwọ̀ mìíràn lọ́dọọdún á rí i.

Dschubba ni ìtàn rẹ̀ wú wa lórí jù nínú àwọn tó wà lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìràwọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ní 2000, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí tí iwájú Àkeekèé fi yí padà lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìràwọ̀ náà ń yí bíríbírí kíákíá, ó ń ju gáàsì sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ìràwọ̀ kejì tó ń yí i po sì ń sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ọdún 11. Ẹ fi í wé Acrab tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí máàpù àtijọ́, àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra nínú ìmọ́lẹ̀.

Acrab fúnra rẹ̀ dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlisíkóòpù. Kékeré tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 60 ti tó láti fi hàn pé ìràwọ̀ méjì ni, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, wọ́n sì jìnnà síra dáadáa. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kejì Antares, èyí tó kéré tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé àwọ̀ ewé ni, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sún mọ́ Antares débi pé títàn rẹ̀ ń bò ó. Ẹ nílò tẹlisíkóòpù tó tó mìlímítà 150 ó kéré tán, kí ẹ sì dúró títí Antares yóò fi dé gúúsù gan-an, níbi tó ga jù. Ìràwọ̀ tó bá wà nílẹ̀, inú afẹ́fẹ́ tó nípọn tó sì ń mì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà wá, àwòrán rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìràwọ̀ kékeré náà á sì sọnù sínú rẹ̀. Dígírì 57 tí a ní nílẹ̀ wa jẹ́ àǹfààní gidi níbí. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, tí ọ̀run kò tíì dúdú tán, tún dára jù láti wò ó, nítorí títàn Antares kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ojú nígbà náà.

Ní ìsàlẹ̀ ara, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, ìràwọ̀ méjì wà tí ojú lásán lè yà sọ́tọ̀ tí ọ̀run bá mọ́: Xamidimura àti Pipirima. Ọ̀dọ̀ àwọn Khoekhoe ní gúúsù Áfíríkà ni orúkọ àkọ́kọ́ ti wá. Ojú kìnnìún ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2017, inú wa sì dùn pé orúkọ Áfíríkà kan wà lára Àkeekèé níkẹyìn.

Ohun tí bínókúlà ń fi hàn

Bínókúlà, awò ọlójú méjì tí ènìyàn ń gbé kọ́ ọrùn, tó fún Àkeekèé ju tẹlisíkóòpù olówó ńlá lọ. Èyí tí wọ́n kọ 10x50 sí lára, ìyẹn ni pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, tí dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 50, dára púpọ̀. Tí apá yín bá ń gbọ̀n, ẹ mú 7x50. Ẹ fara ti ògiri tàbí kí ẹ sùn sórí ẹní, nítorí bí ọwọ́ bá ń mì, ìràwọ̀ á di ìlà lójú yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Shaula. Tí ẹ bá kọjú sí gúúsù, ẹ sún bínókúlà sí òsì, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, bí ìdajì ẹ̀ṣẹ́. Ìdìpọ̀ ìràwọ̀ kan á kún ojú awò náà: M7, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àwọn nǹkan ojú ọ̀run. Ojú lásán náà ń rí i gẹ́gẹ́ bí àbàwọ́n funfun, Ptolemy, onímọ̀ ìràwọ̀ àtijọ́, sì ti kọ nípa rẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi. Ó jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,000 dín díẹ̀. Ní òkè rẹ̀ sí apá ọ̀tún ni M6 wà, tó kéré sí i tó sì jìnnà sí i, tó tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,600. Wọ́n ń pè é ní Labalábá nítorí bí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe nà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Méjèèjì lè wọ ojú bínókúlà kan ṣoṣo pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ ìrù padà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti ṣẹ́rí sí òsì. Lókè ibi ìṣẹ́rí náà, bí ìdajì ìka, ni NGC 6231 wà, ìràwọ̀ kéékèèké tó mọ́ gan-an tó ṣù mọ́ra. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí eléyìí láéláé. Kì í yọ níbẹ̀ rárá. Lójú wa, ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo Àkeekèé nìyí, ẹ má sì yára kọjá rẹ̀.

M4 ló máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀. Ìwé gbogbo ń sọ pé ó rọrùn nítorí ó wà ní ìka kan ààbọ̀ péré sí apá ìwọ̀-oòrùn Antares. Òótọ́ ni, ibi tó wà rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ tó jìnnà tó bíi ọdún ìmọ́lẹ̀ 6,000 ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì fọ́n ká, kò kó jọ sójú kan. Láàárín ìlú, iná ọ̀run ìlú á pa á rẹ́. Ẹ lọ sí oko, ẹ gbé Antares kúrò nínú ojú awò kí ó má bàa pa ojú yín, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò. Ìkúukùu róbótó tó rẹ̀ dòdò ni ẹ ó rí, kì í ṣe àwòrán aláràbarà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan tún wà nínú Àkeekèé tí ojú kò lè rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Kẹfà 1962, Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan sókè ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mọ X-ray. Wọ́n rí X-ray tó ń bọ̀ láti apá ibí yìí. Òun ni orísun X-ray àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn ẹbí Oòrùn wa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Scorpius X-1. Ìràwọ̀ kékeré tó wúwo rékọjá ni, tó ń fa ara ìràwọ̀ kejì rẹ̀ jẹ. Giacconi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ

Àwọn ará Bábílónì ló kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, GIR.TAB, lórí wàláà amọ̀ tí wọ́n fi ń ka ìràwọ̀. Nínú ìtàn Gilgamesh, àwọn tó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì àkeekèé, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè tí Oòrùn ń gbà jáde. Ìràwọ̀ kan ní ìrù náà ṣì ń jẹ́ Girtab títí dòní.

Àwọn ará Gíríìsì ní ìtàn Orion. Ọdẹ aláagbára ni, ó sì yangàn pé òun yóò pa gbogbo ẹranko tó wà láyé tán. Gaia, ìyá ilẹ̀, bínú, ó rán àkeekèé sí i. Àwọn mìíràn ní Artemis, òrìṣà ọdẹ wọn, ló rán an. Ẹranko tó kéré ta ọdẹ ńlá, ọdẹ sì kú. Yorùbá náà mọ àkeekèé dáadáa: àkeekèé ò ṣé é dì níbò. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sójú ọ̀run, ọ̀kan ní ìhà kan, èkejì ní ìhà kejì, kí wọ́n má bàa fojú kanra mọ́: tí Àkeekèé bá ń yọ, Orion ń sá wọlẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìtàn náà bá ohun tí ojú rí mu dáadáa. Nílẹ̀ wa, kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Nítorí pé a sún mọ́ ìlà àárín ayé, Antares ti ń yọ kí Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa èjìká Orion, tó wọ̀. Ẹ dán an wò ní àárín oṣù Kẹrin, láàárín agogo 10 ààbọ̀ sí 11 alẹ́, níbi tí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ti ṣí sílẹ̀ méjèèjì. Ẹ ó rí ìràwọ̀ pupa méjì, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, tí wọ́n ń wo ara wọn fún bí wákàtí kan. Ẹni tó pilẹ̀ ìtàn yẹn, tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn ló gbé, bóyá ibòmíràn ni ìbá gbé ìtàn rẹ̀ gbà.

Nígbà àtijọ́, Àkeekèé tún tóbi ju bó ṣe wà yìí lọ. Àwọn ìràwọ̀ tí a ń pè ní Libra báyìí ni ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjì tó mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀ sì ṣì ń jẹ́ Zubenelgenubi àti Zubeneschamali lédè Lárúbáwá, ìyẹn ẹ̀mú gúúsù àti ẹ̀mú àríwá. Wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ní Ṣáínà, ẹ̀dá náà kì í ṣe àkeekèé rárá. Apá kan lára Dírágónì Ìlà-Oòrùn ni: Antares ni ọkàn rẹ̀, ìrù Àkeekèé ni ìrù rẹ̀. Wọ́n tún ń pe Antares ní Iná Ńlá, wọ́n sì fi ń mọ bí ọdún ṣe ń lọ. Àwọn ará Hawaii àti àwọn Māori, tí ayé wọn jẹ́ ti òkun, rí ìwọ̀ ẹja. Māui ló ni ín, òun ló fi fa erékùṣù jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ wo ìrù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i pé ó jọ ìwọ̀ gan-an.

Ní Brazil, Àkeekèé wà lórí àsíá orílẹ̀-èdè. Ìràwọ̀ rẹ̀ mẹ́jọ dúró fún ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní àríwá ìlà-oòrùn: Antares fún Piauí, Acrab fún Maranhão, Shaula fún Rio Grande do Norte, àwọn ojú kìnnìún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fún Pernambuco, níbi tí àwọn ọmọ Nàgó, ìran Yorùbá ní Brazil, ti ń bọ Ṣàngó ní Recife títí di òní. Ìràwọ̀ Bahia kò sí lára Àkeekèé. Ara Àgbélébùú Gúúsù ló wà. Ọ̀run ìlú Rio ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1889 ni wọ́n yà, ṣùgbọ́n wọ́n yà á bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ọ̀run tó ń wò wá. Nítorí náà, lórí àsíá, ọ̀tún Àgbélébùú ni Àkeekèé wà. Lójú ọ̀run, tí ẹ bá kọjú sí gúúsù, òsì ni.

Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ìbí ń sọ pé ẹni tí wọ́n bí láti ìparí oṣù Kẹwàá sí bíi ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọmọ Scorpio ni. Lójú ọ̀run gan-an, Libra ni Oòrùn wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọjọ́ yẹn. Bíi ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ló ń wọ inú Àkeekèé, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì ń lò níbẹ̀ kó tó bọ́ sínú Ophiuchus. Ìdí rẹ̀ ni pé ayé ń yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan ti sún kúrò níbi tó wà ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn.

Ìgbà tí òṣùpá bá bò ó

Yorùbá ní: Àgùàlà ń bóṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ní í ṣe. Antares náà ń bá òṣùpá pàdé lóṣooṣù, àwọn ọdún kan sì wà tí òṣùpá ń bò ó pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn la wà yìí: láti 2023 títí di 2028, oṣooṣù ni òṣùpá ń bo Antares níbì kan láyé. Ibi tí wọ́n ti ń rí i ń yí padà, nítorí náà ẹ fi ìlú yín sínú áàpù ìràwọ̀ tí ẹ bá ń lò, kí ẹ sì wo wákàtí rẹ̀ ṣáájú. Ti Èkó lè yàtọ̀ sí ti Kútọnu ní ìṣẹ́jú mélòó kan.

Tí òṣùpá bá ń dàgbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣókùnkùn ló ń kọ́kọ́ kan Antares, ìyẹn ló dùn wò jù, nítorí kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ń dani lójú. Tí òṣùpá bá ti kún kọjá, ìgbà tí ìràwọ̀ bá ń jáde ni kí ẹ dojú kọ, ní ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, tí tẹlisíkóòpù yín ti wà nílẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú 5 ṣáájú wákàtí tí áàpù sọ. Bí Johann Tobias Bürg ṣe rí ìràwọ̀ kejì Antares ní Vienna ní oṣù Kẹrin 1819 nìyẹn: ìràwọ̀ kékeré kan kọ́kọ́ yọ láti ẹ̀yìn òṣùpá, ó tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí Antares fúnra rẹ̀ tó jáde. Ẹ má ṣe ṣẹ́jú lásìkò yẹn.